Àdúrà Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ohùn èèyàn tí mi ò rí ojú rẹ̀ máa ń bà mí lẹ́rù. Àwọn ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tan rédíò sílẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ẹnì kankan, tí mo wá gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá, àfi kí n wọlé lọ pa á kí ọkàn mi tó balẹ̀. Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Màmá ń bẹ̀rù rédíò. Kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni èmi àti ọkọ mi kó wá sí Ifo. Apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí mi, ọkọ mi wá láti apá Ọ̀ṣun. Iṣẹ́ jíjó irin ló ń ṣe l'Ékòó, ṣùgbọ́n ilé gbígbà l'Ékòó ti le kọjá agbára wa, la bá gba yàrá kan sí Ifo, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, tó sì ń bá a padà nírọ̀lẹ́. Èmi ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá onílé wa, opó ni, ọmọ bíbí Ifo, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun rẹ̀ ṣeré. Ó fẹ́ràn mi bí ọmọ, ṣùgbọ́n kì í fi bò pé ahọ́n mi mú ju abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ránṣọ lọ. Kò purọ́ mọ́ mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń lọ wà lẹ́yìn ọjà, kò jìnnà sí ojú irin. Ilé bíríkì onípáànù ni, kò ní ẹwà kan. Kì í ṣe ìwàásù ló mú mi dara pọ̀ mọ́ wọn, kì í sì í ṣe orin. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀sán ni. Àwọn ìyá tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí ìgbóná ń pa àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé ní gbogbo ọ̀sán, láti ìgbà tí oòrùn bá ti yẹ àtàrí títí tí yóò fi fẹ́ wọ̀, èèyàn á máa wà lórí eékún nínú ilé yẹn, kí ìyá tí ìpọ́njú bá lé wọlé má baà bá ilé òfìfo.

Kì í ṣe àdúrà nìkan ni wọ́n ń gbà o. Bí o bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá wọlé, wọn ò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan. Ẹnì kan á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ, ẹnì kan á bá ọ sáré lọ sí ọsibítù, àwọn yòókù á wà lórí eékún. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ dìde títí ẹnì kan á fi ti ọ̀dọ̀ rẹ mú ìròyìn wá. Ìyá àgbà kan wà tó jẹ́ olórí wọn. Mo rí i lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní láti gbé e dìde nígbà tí ìròyìn ayọ̀ dé, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń na ọmọ alágídí. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọkọ mi pé ìjọ tí mo fẹ́ nìyí. Mo fẹ́ bímọ síbi tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wà.

Alàgbà kan wà nínú ìjọ náà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjọ. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, ó mọ̀wé, ó lawọ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò fẹ́ràn Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí inú rẹ̀ ṣì ń bí mi títí dòní, mi ò sì fẹ́ parọ́ mọ́ òkú. Nígbà tí iná mànàmáná dé àdúgbò wa, òun ló ní ká ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n gbé fèrè rẹ̀ méjì tí ohùn ń gbà jáde sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan kọjú sọ́jà, èkejì kọjú sí ibùdókọ̀ ojú irin. Inú gbogbo wa dùn. Èmi náà jó lọ́jọ́ tí wọ́n tàn án, mi ò ní sọ pé mi ò jó.

Àfi bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Kọmítì ẹ̀rọ wà, kọmítì ìkórè wà, kọmítì ilé tuntun wà, ó sì jọ pé kọmítì tí yóò máa pe àwọn kọmítì yòókù jọ náà wà. Ọ̀sán ni gbogbo wọn ń ṣèpàdé. Èèyàn á wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, á bá ogunlọ́gọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ń jiyàn lórí àga tí wọ́n fẹ́ yá, á wá rí ìyá àgbà yẹn pẹ̀lú ẹnì kan tàbí méjì lórí eékún nínú ilé. Nígbà tí àlùfáà wá sọ ọ́ lórí àga ìwàásù pé Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀sán ń kú lọ, gbogbo wa dorí kodò. Bàbá Ìjọ dìde, ó ní òun ti ronú sí i.

Ohun tó rò náà ni pé kí a gba àdúrà Ẹ̀ṣọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀sán, kí wọ́n máa gbé e sí orí gbohùngbohùn. Èèyàn díẹ̀ tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀ á jókòó tì í, wọ́n á máa ṣe àmín sí i.

Ó ní, “Májẹ̀mú àwọn ìyá wa kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Àdúrà tí àwọn baba wa gbà kí wọ́n tó kú, ṣebí òun la ṣì ń jẹ títí dòní? Àdúrà kì í gbó. Àwa ló ń rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ tí a gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, ṣọ́ọ̀ṣì kún ju ọjọ́ ọdún lọ. Àwọn tí mi ò rí lórí eékún rí wọ aṣọ funfun wá. Mo lóyún nígbà náà, oyún àkọ́kọ́ tí ó dúró lára mi, mo sì kúnlẹ̀ sí iwájú. Ìyá àgbà ló ṣáájú àdúrà, torí pé kò sí ẹni tó lè gbà á bí tirẹ̀. Ó ti dé ibi tí ó ti ń tọrọ àánú, omi ti ń bọ́ lójú wa, ni Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ sókè: “Ẹ dákẹ́ ná, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀.” A dákẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kọjá. Ó ní ká tún àánú náà tọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ariwo ti wọ inú rẹ̀. Mo ní ṣé kò ṣeé ṣe kí Ọlọ́run ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ wò mí, ó ní, “Ìyàwó, nítorí àwọn tí kò sí níbí la fi ń tún un gbà.” Ìyá àgbà tún un gbà, ṣùgbọ́n ẹkún kò wá mọ́, ó kàn ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìyá àgbà fi dolóògbé. A sin ín, a jẹun, a tú ká. Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán, ohùn rẹ̀ dún lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì: “Ìyá tó ń sunkún, má sunkún mọ́. A wà níbí.” Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Àwọn ará ìjọ ní ohun ìwúrí ni, pé Màmá ṣì ń gbàdúrà fún wa. Ìyá onílé wa kò mọ̀ ọ́n lójú, kò sì mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ni. Mo gbìyànjú láti sọ fún un, ó ní kí n yéé fi ohun Ọlọ́run ṣeré. Bó bá ti ń ṣe àlùwàlá Aláásàrì, tó ń gbọ́ ohùn náà, á máa rọra ṣe àmín sí i. Á ní, “Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì yìí ń gbìyànjú o. Ẹ kì í sinmi.”

Mo bí ọmọbìnrin. Ó tó ọdún kan, ó kọjá rẹ̀, ó ń rìn, ó ń pe bàbá rẹ̀, ó ń pe èmi, ó sì ń pe ewúrẹ́ ìyá onílé ní orúkọ kan tí òun nìkan mọ̀. Èmi ń tọ́mọ, mo ń ránṣọ, mi ò lọ sí Ẹ̀ṣọ́ mọ́ látìgbà tí mo ti bí i. Ohùn náà ń dún lójoojúmọ́, mo gbà pé àwọn kan wà nídìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ara ọmọ mi gbóná láti òwúrọ̀. Mo fi omi nù ún lára, ó dín kù, ó tún padà. Ọkọ mi ti lọ s'Ékòó. Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ náà kò sunkún mọ́, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó kàn ń wo òrùlé. Lójijì ni ara rẹ̀ le gbagidi, ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ pa pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń já. Gìrì ni. Mo ti gbọ́ nípa gìrì, mi ò rí i rí. Mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Mo gbé e mọ́ àyà, mo bọ́ síta láìwé gèlè, láìwọ bàtà.

Ọsibítù wà ní òdìkejì títì tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní apá ọjà. Mo dúró láàárín ọ̀nà, mi ò mọ èyí tí mo máa gbà. Ìgbà náà ni ohùn ìyá àgbà tún dún lórí òrùlé, tó ń ké pe Ọlọ́run, tí ogunlọ́gọ̀ ń dá a lóhùn. Mo sá tẹ̀ lé ohùn náà. Ohun kan ṣoṣo tó wà lórí mi ni pé kí n dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹnì kan gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi, kí ẹnì kan bá mi sáré. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn ni àdúrà náà ń le sí i. Mo ń dá wọn lóhùn bí mo ṣe ń sáré: “Mò ń bọ̀ o! Mò ń bọ̀!”

Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọlé.

Kò sí ẹnì kankan. Kò sí àga pàápàá. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán ni, pẹ̀lú tábìlì kan níwájú tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, àti rẹ́kọ́dà lórí rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo ibi tí akọrin ń jókòó. Ohùn ìyá àgbà, ẹni tí mo fi ojú mi rí nínú pósí, ń sọ pé, “Ìyá tó ń sunkún, má sunkún mọ́. A wà níbí.” Gbogbo ìjọ ní, “Àmín!” Nínú àmín náà mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ga ju ti àwọn yòókù lọ, inú rẹ̀ dùn, kò níṣòro kankan láyé. Ohùn èmi fúnra mi ni.

Mi ò lè sọ bí ẹ̀rù yẹn ṣe rí. Ó dà bíi pé mo ti kú, tí wọ́n wá fi mí hàn mí. Mo pariwo, mo ní, “Ẹ gbà mí o!” Gbohùngbohùn kò gbé tèmi. Ti kásẹ́ẹ̀tì ló ń gbé. Ta ni yóò gbọ́ igbe mi lábẹ́ ariwo àdúrà? Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò wá. Ọmọ mi ń já lọ́wọ́ mi, ìfófòó ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó wọlé bá mi ni ìyá onílé wa. Ó ti rí mi nígbà tí mo sá jáde láìwé gèlè, ó sì tẹ̀ lé mi, bútà àlùwàlá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀ òfìfo náà. Ó wo rẹ́kọ́dà. Ó tún wò mí.

Ó ní, “Àwọn tó ń gbàdúrà dà?”

Mo na ìka sí ẹ̀rọ náà.

“Ẹ̀rọ?” Ojú rẹ̀ yí padà, bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. “Èyí ni mo ti ń ṣe àmín sí láti ọjọ́ yìí? Gbé ọmọ wá! Gbé e wá, ìyàwó, dìde!”

Ó ju bútà sílẹ̀, ó gba ọmọ náà. A sá jáde. Ó bọ́ sáàárín títì, ó na ọwọ́ kan, ó fi ara rẹ̀ dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró, ọkọ̀ tó kó igi gẹdú. Awakọ̀ náà kọ́kọ́ bú u, àfi ìgbà tó rí ọmọ. Òun ló gbé wa dé ọsibítù. Ìyá onílé ń sọ nǹkan kan ní èdè Lárúbáwá sí etí ọmọ náà ní gbogbo ọ̀nà, mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo ń ṣe àmín.

Àwọn nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n da omi tútù sí i lára, wọ́n tún gún un. Èyí tó dàgbà nínú wọn sọ fún mi pé ibà náà ti wọ orí rẹ̀, pé bí a bá tètè gbé e wá ni ì bá dára jù. Ọ̀rọ̀ yẹn ń gún mi títí dòní. Láti orí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí, mo ṣì ń gbọ́ gbohùngbohùn lókèèrè, tí ń gbàdúrà fún gbogbo ìyá tó wà nínú ìpọ́njú. Mo fi ọwọ́ di etí.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó bá mi níbẹ̀. Òun ló wá ròyìn fún mi pé gbogbo ìjọ ti kó sínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀, àga ni àga, akọrin ni akọrin, wọ́n lọ sí Mowe. Ẹ̀ka wa tó wà níbẹ̀ ti ra gbohùngbohùn tiwọn, wọ́n lọ bá wọn ṣí i. Bàbá tó ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní kó tẹ ẹ̀rọ náà tó bá di ọ̀sán. Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ sóko rẹ̀.

Ọmọ mi kò kú. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ̀rù ń bà mí láti sùn, torí mo rò pé bí mo bá di ojú, ẹ̀mí rẹ̀ á bọ́. Lẹ́yìn náà ó la ojú, ó mọ̀ mí, ó mu ọmú. Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Ó rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn ní àìsàn ló fà á sẹ́yìn, pé ara rẹ̀ á padà sípò. Mo ní ẹ ṣeun, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìjọ àti ìyàwó rẹ̀ wá kí wa, wọ́n ru iṣu, wọ́n gbé òróró. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ti pinnu pé n ó gbé ẹnu mi jẹ́ẹ́.

Ó ní, “Ìyàwó wa, ṣé o rí iṣẹ́ Ọlọ́run? Èèyàn kan kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo! Kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń gbàdúrà, ọmọ náà sì yè.”

Mi ò tètè lóye rẹ̀. Ìgbà tó yé mi, mo gbàgbé ohun tí mo ti pinnu. Mo ní, “Bàbá, abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún un. Ìyá onílé wa ló gbé e.”

“Ta ló rán ìyá onílé? Ta ló rán ọkọ̀ akẹ́rù?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “O máa jẹ́rìí lọ́jọ́ ìkórè. A ó gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú.”

Mo fẹ́ fún un lésì, ọkọ mi fi ojú bẹ̀ mí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, “Àlejò ni wá nílùú yìí. Bí a bá bá Bàbá Ìjọ jà, ta la ó máa bá rìn?” Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo gbé iṣu wọlé. Tí ibẹ̀ bá ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, bóyá ǹ bá gbé e mì.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ti ọjà bọ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Lábẹ́ fèrè tó kọjú sọ́jà, obìnrin kan tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ tẹ́ sórí rẹ̀. Ọmọ náà ń wúkọ́, ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí. Ohùn ìyá àgbà ń dún lókè wọn. Obìnrin kejì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú tirẹ̀.

Mo ní, “Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?”

Ó ní, “Wọ́n ní ibi tí ọmọ yín ti jí nìyí.”

Mo ní kó gbé ọmọ náà dìde kíákíá, kó máa gbé e lọ sí ọsibítù. Kò mì. Ó ní àwọn àgbà ìjọ ló sọ fún òun pé kí òun jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì náà dé òpin lórí rẹ̀ ná. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo fà á lọ́wọ́. Nígbà tó dìde nígbẹ̀yìn, kì í ṣe pé ó gbà mí gbọ́, ojú ló tì í nítorí ariwo mi. Láti ìgbà náà ni mi ò ti sùn dáadáa. Ọmọ kan máa kú lábẹ́ fèrè yẹn, orúkọ ọmọ mi ni wọ́n sì fi pe ìyá rẹ̀ wá síbẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Ìjọ pé mo ti gbà, pé n ó jẹ́rìí. Mi ò sọ fún un ohun tí n ó sọ níbẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè, àwọn ará ẹ̀ka wa ní Mowe àti Ibafo wá bá wa ṣe é, ṣọ́ọ̀ṣì kún, àwọn kan dúró síta. Wọ́n ti gbé fèrè kẹta wọnú ilé, wọ́n so ó mọ́ òpó níwájú, kí àlejò lè gbọ́ dáadáa. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ àti ọsàn ṣe gbogbo ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo mú ọmọ mi lọ́wọ́, a jọ rọra rìn lọ síwájú. Gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sídìí òpó náà, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń fa ewé imọ̀ ọ̀pẹ ya. Bàbá Ìjọ fi máíkì lé mi lọ́wọ́. Mo rí i tó fi ìka tẹ rẹ́kọ́dà.

Ọ̀rọ̀ ti pé lẹ́nu mi. Mo máa sọ pé ilé òfìfo ni mo bá. Mo máa sọ pé ẹ gbé ọmọ yín lọ sí ọsibítù, kí ẹ padà wá kúnlẹ̀ fúnra yín. Mo máa sọ pé ẹ̀rọ kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Mo kí wọn kú ọdún, mo sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó kí n lè rí ojú àwọn ìyá.

Mi ò mọ̀ pé èèyàn kì í gbé máíkì sún mọ́ fèrè. Ẹ̀rọ náà han. Irú ariwo bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó gún agbárí wa. Bàbá Ìjọ di etí. Akọrin ju ìwé orin sílẹ̀. Gbogbo ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ilé yẹn figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn ìyá wọn, lórí ẹsẹ̀ ìyá wọn, àwọn ti Mowe, ti Ibafo, tiwa.

Ọmọ mi jókòó sábẹ́ fèrè náà gan-an. Ó fa ewé kan ya. Ó gbé e wò. Ó mú òmíràn.

Ariwo náà dáwọ́ dúró, wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀ lọ. Mi ò rántí ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Mo ń rántí bí ó ṣe ń sùn lẹ́yìn ọsibítù, tí ọkọ̀ ojú irin á kọjá, tí kò ní ta pútú, tí èmi á máa dúpẹ́ pé oorun rẹ̀ ti dára. Mo ń rántí ewúrẹ́ tí kò pè mọ́. Ẹ̀rù tó bà mí nínú ilé òfìfo yẹn, kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Máíkì ṣì wà lẹ́nu mi. Mo pe orúkọ ọmọ mi. Ó dún lórí òrùlé. Mo tún pè é, mo pariwo, ó dé ọjà, ó dé ibùdókọ̀ ojú irin, ìyá onílé wa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ọ nínú yàrá òun. Gbogbo ojú tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yí sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Kò wẹ̀yìn.